Ọkọ̀ Enterprise oníke tí mo tò: ẹ gbọ́ tẹnu káfíńtà

Ọjọ́ kẹta tí a to ọkọ̀ náà tán ni àgbá ẹ́ńjìnì òsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Kò já o. Ó kàn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, bí orí ẹni tó ń tòògbé nínú mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ọkọ̀ wa ti ń sùn." Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú bí mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi ń jẹun láti ọdún 1986, ní Ọ̀yọ́ kí n tó dé Maryland níbí, oríkèé tí kò jinlẹ̀ kò sì lè fara pamọ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rà ná. Àwòṣe oníke ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí kí ẹni tó rà á lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Enterprise ni, ọkọ̀ inú eré Star Trek tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, nínú eré náà, ọdún márùn-ún ni wọ́n rán ọkọ̀ yìí ní iṣẹ́ láàárín àwọn ìràwọ̀, kó lọ wo ayé tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé, kó sì mú ìròyìn ohun tó bá rí wá. Ó ní ohun ìjà lóòótọ́, àmọ́ ìwádìí ni wọ́n torí ẹ̀ kàn án. Èèyàn 430 ló wà nínú rẹ̀, yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ sì jẹ́ 14. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 289. Tí ẹ bá so pápá bọ́ọ̀lù méjì pọ̀ lóròó, ìrù rẹ̀ ṣì máa yọ síta.

Tèmi kéré sí i ní ìlọ́po 650. Mítà mẹ́fà àti ààbọ̀ lára ọkọ̀ inú eré di sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì mi, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 44 àti díẹ̀. Ó jókòó dáadáa sórí sẹ́ẹ̀fù tí mo kàn sí pálọ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ra ohun ìṣeré. Ohun tó fà á ni pé ní ọdún 2018, àbúrò ìyàwó mi wá kí wa láti ilé, a sì mú un lọ sí Washington, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian tí wọ́n ń pè ní National Air and Space Museum. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀, èyí tó dùn mọ́ ìyàwó mi nínú ju gbogbo bàálù ibẹ̀ lọ. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n so Spirit of St. Louis rọ̀ sí, bàálù tí Charles Lindbergh dá nìkan wà kọjá òkun Atlantic ní 1927, níbẹ̀ ni mo ti bá Enterprise nínú àpótí gíláàsì. Kì í ṣe fọ́tò, kì í ṣe ẹ̀dà. Èyí tí wọ́n gbé síwájú kámẹ́rà láti ya eré náà gan-an ni. Ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 11 lọ, ó sì wúwo tó 90 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Mo ti rò pé irin ni. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan, bàbá arúgbó tó ń dá àlejò lóhùn, ló sọ fún mi pé igi poplar ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú ike tí wọ́n fi ooru tẹ̀ àti páànù tí wọ́n ká roboto. Igi! Mo pe àbúrò ìyàwó mi, mo ní, "Àna mi, ẹ wá wo iṣẹ́ káfíńtà." Àna mi ò gbà mí gbọ́. Wọ́n ní ṣé igi náà ló ń lọ sí ìràwọ̀? Mo ní apá Spirit of St. Louis tó wà lókè orí wọn yẹn, igi náà ló wà nínú rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, ó sì dé Paris.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí nípa rẹ̀, bí ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n tí kò mọ̀ pé òun ní. Matt Jefferies ló ya àwòrán ọkọ̀ náà. Ọkùnrin tó mọ bàálù ni. Ó bá wọn fò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì ń wa bàálù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Richard Datin ló kọ́kọ́ fi igi gbẹ́ kékeré kan tó jẹ́ ínǹṣì 33, kí àwọn tó ni eré lè wò ó kí wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Burbank, California, wá kan ńlá yìí, wọ́n sì gbé e fún àwọn oníbàárà ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 1964. Ọdún ku ọjọ́ méjì! Ẹni tó bá ti kan tábìlì ìjẹun rí fún ìyá oníyàwó tó fẹ́ gbàlejò ọdún tuntun mọ irú oorun tí àwọn èèyàn yẹn ò sùn.

Kékeré tó jẹ́ ínǹṣì 33 yẹn, ìtàn tirẹ̀ náà wà. Ó sọnù ní ìparí àwọn ọdún 1970, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tó di 2023 tó ṣàdédé yọjú lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2024 ni ó padà sọ́wọ́ ọmọ Gene Roddenberry, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀. Ohun tó tó ogójì ọdún níta tó tún mọ ọ̀nà ilé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọjà tí mo rà. Ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ wọn torí wọ́n padà ṣe ojú àánú. Páálí dé pẹ̀lú igun kan tó ti tẹ̀ wọnú, ègé tó jẹ́ ọrùn ọkọ̀ sì ti dá sí méjì. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kí ọrùn tuntun tó dé. Ọmọ ọmọ mi ń pè mí lójoojúmọ́: "Bàbá, ọrùn ti dé?" Ìyàwó mi ní tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọ náà níléèwé, wọ́n á ní kí la ń ṣe nílé.

Ike náà funfun bíi wàrà, ó nípọn tó, kò rọ̀. Àmọ́ etí rẹ̀ pọ̀. Ní gbogbo ibi tí ègé bá ti já kúrò lára ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀, ẹ máa rí kùkùté kékeré tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ gé, kí ẹ tún fi sáńpépà ha. Ọmọdé ò gbọdọ̀ dá ìyẹn ṣe. Èmi ló ń gé, òun ló ń ha. Ìwé ìtọ́sọ́nà tó wà nínú páálí ò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀: lẹ́tà rẹ̀ kéré bíi ti inú ìwé òògùn, àwòrán kan sì wà níbẹ̀ tó fi àgbá ọ̀tún hàn níbi tó yẹ kí ti òsì wà.

Abọ́ ńlá iwájú, níbi tí àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà ń gbé, jẹ́ ègé méjì tí ẹ máa dé mọ́ra bí igbá àti ọmọrí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ni mo ti ṣeré lọ́mọdé, mo sì mọ ìgbà tí ọmọrí bá bá igbá mu. Èyí bá a mu rẹ́gí. Mo fi èékánná wá àlàfo yípo, mi ò rí. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti gba máàkì gidi lọ́wọ́ mi.

Àmọ́ ojú abọ́ yẹn! Ìlà wẹẹrẹ ló wà lára rẹ̀, yípo àti láti àárín lọ sí etí. Lára èyí tó wà ní Washington, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi fa ìlà náà, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì kí ẹ tó rí i. Lára tèmi, wọ́n jìn bí àbàjà. Mo fi ẹ̀kúnwọ́ pọ́tì dí wọn, mo ha á, mo tún dí i, mo tún ha á, alẹ́ mẹ́rin. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ yìí nìkan ni ìlà ti tàn jẹ. Àwọn tó tún ojúlówó náà ṣe ní 1991 kun ìlà àti òjìji sí i lára tó fi jẹ́ pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pariwo. Ìgbà tí Smithsonian tún gbé e lé tábìlì, wọ́n fi X-ray yẹ inú rẹ̀ wò bí ẹni ń wá eegun tó ṣẹ́, wọ́n sì dá àwọ̀ rẹ̀ padà sí ti àwọn ọdún 1960 kí wọ́n tó gbé e jáde lóṣù keje ọdún 2016. Òkè abọ́ náà nìkan ni wọn ò kùn, torí pé ọ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó yẹ kí ẹni tó ń tún nǹkan ṣe mọ ibi tí kò yẹ kí ọwọ́ òun dé.

Wàyí o, oríkèé tí mo ti ń kùn lé lórí. Àgbá ẹ́ńjìnì méjèèjì gùn, wọ́n wà lókè ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló gbé wọn ró, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń nawọ́ sókè. Gbogbo ìwúwo àgbá ló ń fa òpó wálẹ̀. Kí wá ni wọ́n fi di òpó mú? Ahọ́n ike kan tí kò gùn tó èékánná àtàǹpàkò mi, tó wọ ihò tí kò jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọmọ iṣẹ́ mi bá fi irú ahọ́n yẹn so apá àga pọ̀, màá ní kó jókòó lórí rẹ̀ kó lè kọ́gbọ́n. Gọ́ọ̀mù ike tún dá kún un, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ́ ike díẹ̀ kí méjì lè di ọ̀kan. Kó tó gbẹ tán, oríkèé á ti rọ̀, àgbá á ti sọ̀. Àwọn tó ti ń to irú ọkọ̀ yìí tipẹ́ sọ fún mi pé àìsàn ìdílé ni, pé àgbá tó ń sọ̀ kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tí mo ṣe rèé, ẹ lè ṣe é kí ẹ tó lẹ ohunkóhun. Mo ra ọ̀pá idẹ tín-ín-rín, ìbú rẹ̀ kò tó mílímítà méjì. Mo fi dírílì kékeré lu ihò láti ìdí òpó wọnú ara ọkọ̀, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Mo ki idẹ náà bọ̀ ọ́, mo fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì dì í, èyí tó máa ń le bí òkúta, kì í ṣe gọ́ọ̀mù inú páálí. Mo to ìwé lé ara wọn sábẹ́ àgbá méjèèjì kí wọ́n lè dọ́gba, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Oṣù méjì rèé, mo ṣì ń fi rúlà wọ̀n ọ́n ní ọjọọjọ́ Sátidé. Kò sún kúrò.

Ẹ ṣọ́ra fún gọ́ọ̀mù tó ń mú wéré, èyí tí gbogbo èèyàn ní nílé. Tó bá súnmọ́ ègé tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, èéfín rẹ̀ á sọ ọ́ di funfun bí ojú tí awọ funfun bò. Mo fi ọ̀kan ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ṣí fèrèsé.

Sítíkà nọ́ńbà ọkọ̀ ni ọmọ ọmọ mi gbádùn jù, torí omi ni a fi ń rẹ ẹ́ kó tó yọ̀ kúrò lára ìwé. NCC-1701. Ó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ nọ́ńbà yẹn, orí mi sì wú torí mo mọ ìdáhùn. Ara nọ́ńbà bàálù Amẹ́ríkà ni Jefferies ti mú NC. Bí ti Nàìjíríà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N náà nìyẹn. Ó sì wá nọ́ńbà tí ojú máa tètè rí láti òkèèrè, ó yẹra fún 3, 6, 8 àti 9 tó lè da ara wọn rú. Ó ti gbọ́n jù. Àmọ́ sítíkà tó wà nínú páálí tèmi ti gbẹ. 7 kan ya nígbà tí mo ń gbé e, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìyókù rẹ̀. Tí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ máa rí i pé 7 yẹn ní ọrùn wíwọ́.

Iná kò sí. Lára ojúlówó náà, gílóòbù Kérésì àti àfọ́kù dígí ni wọ́n kó sí iwájú àgbá méjèèjì, ẹ̀rọ kékeré sì ń yí nǹkan bíi abẹ̀bẹ̀ níwájú wọn, ohun tó fi dà bíi pé iná ń jó nínú rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ kí n ṣe irú rẹ̀. Mo ní rárá, àgbá tèmi kò gba nǹkan kan.

Ìbéèrè tó bá mi lójijì ni èyí tó bi mí lálẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ dé abọ́ náà pọ̀. Ó yọjú wo inú rẹ̀, ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí?" Mo gbọ̀n ọ́n, ó dún bí àgbè òfìfo. Yàrá ìwádìí 14, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí gbogbo ìdí wíwà rẹ̀ jẹ́ kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ni, ilé iṣẹ́ náà ò sì ya ẹyọ yàrá kan fún ọmọdé láti wò, bó ti wù kó kéré mọ. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro; èèyàn tó ga ní mítà 1.7 kò ní tó mílímítà mẹ́ta ní ìwọ̀n yìí, ìyẹn ni orí abẹ́rẹ́. Àmọ́ wọn ì bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan. Ìyá ọmọ náà, ọmọbìnrin mi, ní tiẹ̀ ò tilẹ̀ fẹ́ yàrá, Uhura ló ń wá, obìnrin aláwọ̀ dúdú inú eré náà. Orúkọ yẹn, inú ọ̀rọ̀ Swahili ni wọ́n ti yọ ọ́, uhuru, òmìnira. Nichelle Nichols tó ṣe Uhura bá NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, wá obìnrin àti aláwọ̀ dúdú sẹ́nu iṣẹ́ wọn láti 1977. Ọmọbìnrin mi ní fọ́tò Mae Jemison lára ògiri nígbà tó wà níléèwé, dókítà aláwọ̀ dúdú tó lọ sí òfuurufú nínú ọkọ̀ Endeavour ní oṣù kẹsàn-án 1992. Ó wo páálí náà tinú tẹ̀yìn, kò rí Uhura, ó gbé e kalẹ̀.

Síbẹ̀ mo gbà pẹ̀lú Jefferies lórí ohun kan: ara ọkọ̀ náà dán láìsí páìpù, láìsí bóòtì tó yọ síta, torí ó ní ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe yẹ kó lè ṣe é láti inú, kó má jáde lọ kú sínú òfuurufú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe àwòṣe yìí pa ìyẹn mọ́.

Máàkì mi jẹ́ mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ì bá jẹ́ mẹ́jọ ká ní òpó yẹn ní ahọ́n gidi. Dọ́là 40 ó dín díẹ̀ ni mo san, pẹ̀lú ọ̀dà, pọ́tì àti idẹ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Tí ẹ kò bá ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ra èyí tó kéré jù ú lọ tó ń so pọ̀ láìsí gọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá ní ọmọ nílé tó ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ rà á.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Èyí tó wà ní Washington, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n parí. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n gba kó wáyà iná jáde, torí kámẹ́rà kò ní wo ibẹ̀. Tí wọ́n bá nílò kí ọkọ̀ kọjú sódìkejì, wọ́n á lẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sódì mọ́ ọn, wọ́n á sì yí fíìmù padà. Ọkọ̀ tó gba gbogbo ọ̀run já yìí, ojú kan ló dúró sí, kámẹ́rà ló ń rìn lọ bá a. Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá ń kun fáníìṣì sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ògiri ló ń náwó oníbàárà fún. Àwọn ará Burbank yẹn á gbọ́ èdè rẹ̀.

Àwòṣe oníke yìí parí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà, sítíkà òsì sì wà nínú páálí. Mi ò lẹ̀ ẹ́. Mo lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo fi ègé wáyà pupa kan há a, ó rọ̀ wálẹ̀ bíi ti Washington. Ọmọ ọmọ mi bínú sí mi fún odindi ọjọ́ kan, ó ní mo ti ba ọkọ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣeré, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ó ti yí ọkọ̀ náà, ọ̀tún rẹ̀ kọjú síta, ó dúró níwájú sẹ́ẹ̀fù pẹ̀lú apá méjèèjì ní nínà, ó ń sọ fún ọmọ náà pé, "Ibí ni o ti máa wò ó. Má lọ sẹ́yìn."